Lẹ́tà Mẹ́ta Tí Àṣíáwù Gbé Sókè

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àléébù Àṣíáwù kí n tó sọ dáadáa rẹ̀, nítorí àléébù náà ló bí ìtàn yìí. Àṣíáwù kò lè ju ìwé nù.

Kì í ṣe gbogbo ìwé o. Rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù àti ìwé owó iná, ó ń jù wọ́n síta bí gbogbo ayé. Ìwé tó bá ní orúkọ Ọlọ́run lára, tàbí àwòrán ẹni mímọ́, tàbí àkọsílẹ̀ tí òun kò lè kà tó sì ń fura pé ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ìyẹn ni ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé sínú bíìnì. Alfa ni bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Bí ìwé kéú bá já bọ́ sílẹ̀ nílé wọn, wọ́n á mú un, wọ́n á nù ún, wọ́n á gbé e sí ibi gíga tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè tẹ̀ ẹ́, títí di ọjọ́ tí bàbá yóò fi sun ún tàbí kó rì í mọ́lẹ̀. Ìwà yìí ni Àṣíáwù gbé wọ bàálù wá sí Dublin lọ́dún 2000, tòun ti oyún nínú.

Nílé wọn ní Tyrrelstown, orí wọ́dúróòbù kún dé àjà. Kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tí wọ́n fún un ní ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, àwòrán Màríà tí ẹnì kan já sílẹ̀ ní Moore Street náà wà níbẹ̀. Nosiru ọkọ rẹ̀, tó ń gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rù-sí kan ní Dublin Port, kì í yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Nusaibah, orí wọ́dúróòbù wa yìí, ṣé mọ́ṣáláṣí ni àbí ṣọ́ọ̀ṣì? Kí n mọ bóyá màá bọ́ bàtà kí n tó mú ṣẹ́ẹ̀tì mi."

Lọ́jọ́ kan, Nusaibah, ọmọ wọn obìnrin, gun bẹ́ẹ̀dì, ó fa ìwé kan yọ tó ti lo oṣù mẹ́wàá lókè, ìwé tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ láti òkè délẹ̀. Ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ma, that's a kebab menu!"

Ìwé àkójọ oúnjẹ ṣọ́ọ̀bù oníkèbábù, àwọn tó ń ta ẹran sísun, ni. Ojú ti Àṣíáwù, ṣùgbọ́n ó gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ, ó sì dá a padà sókè. Ó ní kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá wọ́n kọ Bísímílà sí i níbì kan.

Iṣẹ́ méjì ni Àṣíáwù ń ṣe. Èkíní, láti ọdún 2003, ó ń tún ilé ṣe fún ìyá àgbà òyìnbó kan ní Cabra, Breda Kinsella lorúkọ rẹ̀. Breda kò bímọ, ó sì ti di opó. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, Àṣíáwù fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ló bá ìyá àgbà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀nà àbáwọlé, àga dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbáròkó ti fọ́. Breda ní òun ń pààrọ̀ gílóòbù ni. Láti ọjọ́ náà ni Àṣíáwù ti kúrò ní ẹni tó ń gbálẹ̀, ó di ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń wọṣọ fún un, tó ń tì í lórí kẹ̀kẹ́ lọ gba afẹ́fẹ́.

Iṣẹ́ kejì kò ní owó nínú. Ó wà lára àwọn obìnrin mẹ́rin tí ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́ṣáláṣí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ kú ní Ìsẹ́yìn lọ́dún 2002, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, tí ẹni tó bá jáde kò dájú pé yóò padà wọlé. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló wẹ ìyá rẹ̀. Ó dùn ún wọ eegun. Ó ní bí òun kò bá rí ìyá òun wẹ̀, òun yóò máa wẹ ìyá onìyá.

Ó wá di ọdún 2007. Ẹni tó bá wà ní Dublin nígbà náà yóò rántí. Kírénì pọ̀ lójú ọ̀run ju ẹyẹ lọ. Nọ́ọ̀sì ń ra ilé sí Bulgaria, ẹni tó ń wa takisí ń lọ ra bàtà Kérésìmesì ní New York. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, Àṣíáwù ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì, Breda gbé kọ́ọ̀pù tíì sílẹ̀.

"Àṣíáwù, love, mo fẹ́ lọ wo Christy. Ìwọ lo máa mú mi lọ."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Àṣíáwù. Christy ni ọkọ Breda, ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Dublin sí Holyhead ní ilẹ̀ Wales. Ó ti kú láti 2001. Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ gba ìsinmi ní erékùṣù kékeré kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, erékùṣù tí orúkọ rẹ̀ kò tíì jókòó dáadáa sẹ́nu Àṣíáwù títí dòní. Ọkùnrin náà ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́sàn-án gangan, ọkàn rẹ̀ dákẹ́. Ó sì ti máa ń sọ pé ibi tí òun bá kú sí létí òkun, kí wọ́n fi òun sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n sin ín síbẹ̀, Breda nìkan ló padà wálé.

"Mama, ìgbáròkó yín ńkọ́?"

"Bí n kò bá lọ lọ́dún yìí, n kò ní lọ mọ́."

Nosiru gbọ́, ó dìde dúró. "Ṣọ́ọ̀ṣì? Ìwọ tí ò ń wẹ òkú ní mọ́ṣáláṣí?"

"Bàbá Nusaibah, ẹ farabalẹ̀. Wọn ò ní kí n wá jẹ kọmúníọ̀n. Kẹ̀kẹ́ ìyá arúgbó ni mo fẹ́ lọ tì."

"Ẹni tó bá ń ti kẹ̀kẹ́, ibi tí kẹ̀kẹ́ bá wọ̀ lòun náà ń wọ̀," ni Nosiru wí. Kò purọ́.

Ìgbà tí ìwé àṣẹ ìrìnnà fi jáde, oṣù kẹsàn-án ti lọ jìnnà. Wọ́n wọ bàálù, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, Àṣíáwù bì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gúnlẹ̀. Funfun ni gbogbo ilé erékùṣù náà, òkúta ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wá pọ̀! Ìlú tí kò tó Tyrrelstown, ṣọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ lé ní ogójì, àwọn mìíràn kò tóbi ju ilé ìdáná lọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Stamatía ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ wọn. Ó ti gbé ní Melbourne fún ogún ọdún, nítorí náà ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Òun ló ń mú àwọn àlejò kiri.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, Àṣíáwù gbójú sókè. Níwájú àwòrán Màríà, wọ́n so ẹsẹ̀ kọ́, wọ́n so apá kọ́, wọ́n so ojú méjì-méjì, ọmú, àti odidi ọmọ ọwọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ fàdákà pẹlẹbẹ, ó ń fì wìrìwìrì bí ẹran ní ìsọ̀ alápatà.

"Aúsùbílà! Ta ni wọ́n gé?"

Stamatía rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn, tó bẹ Màríà, tí ara rẹ̀ yá, yóò mú ẹsẹ̀ fàdákà wá dúpẹ́. Ẹni tó rí ọmọ bí á mú ọmọ wá. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ìyá arúgbó kan wọlé, ó fẹnu ko gíláàsì àwòrán náà. Òmíràn tẹ̀ lé e, ibì kan náà ló fẹnu kò. Ẹ̀kẹta dé. Ọwọ́ Àṣíáwù ti wà nínú báàgì rẹ̀, ó ń wá tíṣù tí yóò fi nu gíláàsì náà kó tó rántí pé òun kò sí níbi iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bá fáda níta, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà, ó ń fi ọwọ́ kan sá aṣọ ọmọdé sórí okùn, ọmọ kékeré kan rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, obìnrin kan sì ń pàṣẹ fún un láti ojú fèrèsé. Àṣíáwù yí kẹ̀kẹ́ padà kíá, kí ìyá àgbà má baà rí àṣírí ńlá bẹ́ẹ̀. Ọdún méje tó ti lò ní Dublin, ó mọ ariwo tó máa sọ bí wọ́n bá bá fáda pẹ̀lú ìyàwó.

"Ìyàwó rẹ̀ ni, love," ni Breda wí, ẹ̀rín ń pa á kú lọ. "Tiwọn níbí lè fẹ́yàwó."

"Fáda?"

"Pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin."

Kẹ̀kẹ́ dúró fúnra rẹ̀ nítorí ẹni tó ń tì í kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe mọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gun òkè lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì, wọ́n lọ wo ilé tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ lọ ọkà láyé àtijọ́, wọ́n sì san owó wọ ilé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí wọ́n ti fi gíláàsì bo ìkòkò tó ti fọ́. Àṣíáwù wo ìkòkò náà títí. Ó ní ìyá àgbà òun ní Ìsẹ́yìn da irú rẹ̀ nù sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì sí ẹni tó san owó wò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ó di ṣọ́ọ̀ṣì inú ihò àpáta. Èjìká Àṣíáwù ti ń dùn ún nídìí kẹ̀kẹ́ títì, ara sì ti ń fu ú díẹ̀.

"Mama, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe ibojì Bàbá la wá wò?"

"Lọ́la, love."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ wí lánàá."

"Lọ́la."

Àṣíáwù tún ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé kò burú, òkú kì í kúkú ṣí kúrò níbi tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí. Ẹ̀yin ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn o.

Lọ́jọ́ kẹrin, Stamatía mú wọn lọ sí ìtẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn atukọ̀, lókè òkun. Breda nawọ́. "Ẹ̀kẹta láti ìdí igi yẹn." Àṣíáwù ti kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Òkúta funfun wà níbẹ̀, fọ́tò wà lára rẹ̀. Irun imú ọkùnrin tó wà nínú fọ́tò náà gbọọrọ, irun orí rẹ̀ dúdú kirikiri. Ọdún 2006 ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Christy tí fọ́tò rẹ̀ wà ní pálọ̀ Cabra, orí rẹ̀ pá, kò sí irun imú kankan, ọdún 2001 ló sì kú.

Àṣíáwù ka ibojì náà lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìdí igi. Ẹ̀kẹta ni. Ó wo ẹ̀kejì, ó wo ẹ̀kẹrin. 

"Stamatía, ọkọ wọn dà? Ta lẹni yìí?"

"Oníbúrẹ́dì wa ni, ó kú lọ́dún tó kọjá. Ti Christy, a ti ṣí i tipẹ́."

"Ẹ ṣí i báwo?"

"A hú u."

Igbe tí Àṣíáwù ké lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ pé ẹyẹ fò lórí igi. "Yéè! Ẹ hú òkú? Ẹ hú òkú olókùú! Ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà yín?" Nílé wọn, ẹni tó bá gbẹ́ ibojì ènìyàn, wọn ò ní bi í léèrè kí wọ́n tó sọ ọ́ lókùúta.  Ó dì mọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń bẹ̀rù láti wo ojú ìyá àgbà, nítorí ó dá a lójú pé ìyá náà ti ṣubú lulẹ̀ tàbí kó ti dákú.

Breda kò dákú. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀.

"Níbo lẹ wá gbé e sí?" ló béèrè.

Àṣíáwù rò pé àgbà ló ń fi ṣe é. Àwọn àgbà kan máa ń gba ìròyìn burúkú bí ẹni gba ìwé bọ́ọ̀sì.

Stamatía ṣàlàyé. Ó ní òkúta ni erékùṣù náà, ilẹ̀ tó ṣeé gbẹ́ kò pọ̀. Ọdún mẹ́ta ni òkú ní láti lò nínú ilẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí i, obìnrin ilé rẹ̀ á fi wáìnì wẹ eegun rẹ̀, wọ́n á kó o sínú àpótí, wọ́n á kọ orúkọ sí i, wọ́n á gbé e sí ilé eegun. Bí wọ́n ṣe ṣe fún bàbá òun nìyẹn, bí wọ́n ṣe máa ṣe fún òun náà nìyẹn. Àwọn àgbà wa ṣáà ní báyìí la ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Àṣíáwù mọ òwe náà láti kékeré, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé yóò gbà á létí tó báyìí.

Wọ́n wọ ilé eegun. Àpótí tò dé òkè, ti igi àti ti páànù, orúkọ àti fọ́tò lára wọn, bí kọ̀ǹténà ṣe máa ń tò ní Dublin Port níbi tí Nosiru ti ń ṣiṣẹ́. Christy kò sí nínú wọn. Igun kan ni ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú àpò funfun tí wọ́n fi okùn so lẹ́nu, nọ́ḿbà nìkan ló wà lára rẹ̀. Stamatía nawọ́ sí ìlẹ̀kùn irin kékeré kan nínú ilẹ̀.

"Ẹni tí kò bá ní ènìyàn, ibẹ̀ la ń da eegun rẹ̀ sí, a ó da á pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Fáda ti dá a dúró fún ọdún méjì. Ó ní bó bá di ìparí oṣù yìí, ó parí."

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù nìyẹn. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

"Èé ṣe tẹ́ ẹ ò kọ lẹ́tà sí wọn?" Inú ti ń bí Àṣíáwù gidi. "Ìyá arúgbó, opó! Ẹ ò lè kọ lẹ́tà kan ṣoṣo?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta la kọ ọ́," ni Stamatía dáhùn. Òun náà ti ń bínú. Ó ṣí fáìlì kan, ó gbé ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́ta síwájú wọn. "Ní 2004. Ẹ ò fèsì."

Àṣíáwù bojú wò ó. Lókè ìwé náà, òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀, bàbá onírùngbọ̀n tó gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré lé ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ yí orí rẹ̀ ká.

Ẹ wò ó o. Ó mọ bàbá onírùngbọ̀n yẹn. Ó mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ní 2004, Breda máa ń ju gbogbo lẹ́tà tí kò bá ti mọ ẹni tó kọ ọ́ sínú bíìnì láìṣí i. Ó ní àwọn tó ń tọrọ owó ni. Àṣíáwù bá ọ̀kan láàárín ewé tíì, bàbá mímọ́ onírùngbọ̀n wà lára àpòòwé, àkọsílẹ̀ tí kò yé e wà lábẹ́ rẹ̀. Ó mú un, ó nù ún. Nígbà tí ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta dé, kò jẹ́ kí wọ́n dé ọwọ́ ìyá àgbà rárá, ẹnu ọ̀nà ló ti ṣà wọ́n. Ó di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rá funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ó ta á ní kókó méjì, ó sì gbé e sí ibi tó ga jù lọ nínú ilé náà, lórí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá ọ̀nà àbáwọlé tí àwọn ará Dublin ń pè ní press. Kí ẹsẹ̀ ènìyàn má baà tẹ̀ ẹ́.

Òun ló gbé ọkọ ọlọ́kọ sínú àpò. Òun gan-an, Àṣíáwù ọmọ alfa, pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó ń bi àwọn ẹlòmíràn léèrè níṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn.  Ó wo Breda. Breda kò wo fáìlì náà rárá, àpò ló ń wò.

Stamatía gbé abọ́ omi àti ìgò wáìnì pupa wá, ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀. Ó ní obìnrin ilé rẹ̀ ló yẹ kó wẹ̀ ẹ́. Breda gbìyànjú láti dìde, ìgbáròkó kọ̀, ó tún jókòó padà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n ń gbọ̀n bí ewé. Ó wá gbójú sókè wo Àṣíáwù.

Àṣíáwù mọ òfin. Obìnrin kì í wẹ ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀, kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Bí ó bá pe Nosiru, ó mọ ohun tí yóò sọ. Ó wo ìlẹ̀kùn irin inú ilẹ̀. Ojú ń tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ gbé òun mì dípò Christy. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Màá wẹ̀ ẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n omi ni màá fi wẹ̀ ẹ́. Ọtí ò gbọdọ̀ kàn mí lọ́wọ́."

"Wáìnì ni a ń lò," ni Stamatía wí.

"Tí mo bá parí, kí wọ́n da wáìnì yín sí i. Màá sún sẹ́yìn."

Ó pe Bísímílà, ó tú okùn. Láti apá ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta, bí ó ṣe ń ṣe fún àwọn ìyá onìyá ní Dublin. Ẹ̀rù bà á nígbà àkọ́kọ́ tí eegun kan ọwọ́ rẹ̀, nítorí ó fúyẹ́. Kò mọ̀ pé ènìyàn máa ń fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé orí, ó rí eyín wúrà kan lọ́wọ́ ọ̀tún òkè, ó fi ìka nù ún.

Breda rí i, ó pariwo. "Eyín Holyhead! Mo ní kó má fi sí i. Mo ní ó dà bí olè." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Àṣíáwù máa rí i kó sunkún.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti wà lórí aṣọ funfun, Àṣíáwù sún sẹ́yìn, Breda da wáìnì sí i láti orí kẹ̀kẹ́, ìdajì rẹ̀ dà sórí bàtà. Stamatía fi ọ̀dà kọ orúkọ sára àpótí páànù: CHRISTY KINSELLA, DUBLIN. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkun.

Ìrìn àjò padà sí Dublin, Àṣíáwù kò lè jẹun. Ó fẹ́ jẹ́wọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, èébì kò jẹ́. Ó fẹ́ jẹ́wọ́ nínú bàálù, Breda sùn. Nílé, ó sọ ọ́ fún Nosiru, ó sì rò pé yóò bínú sí i nítorí òkú tó wẹ̀. Nosiru fà á jókòó.

"Òkú tí o wẹ̀, ìwọ àti Ọlọ́run ni. Lẹ́tà yẹn ni kó o lọ jẹ́wọ́," ló wí. "Bí wọ́n bá lé ẹ, wọ́n lé ẹ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó dé Cabra. Breda ṣì wà ní yàrá. Àṣíáwù fa àga kan láti ilé ìdáná wá sí ìdí press, ó gùn ún, ó nawọ́ sókè, ó fa ọ̀rá náà sílẹ̀. Eruku bo ojú rẹ̀. Ó ti ń ka ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lọ́kàn, ni ọwọ́ rẹ̀ bá kan ibi tí wọ́n ti ta ọ̀rá. Kókó méjì kọ́. Ẹnì kan ti ta á bí ẹni ta okùn bàtà.

Ó tú u. Àpòòwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti là, wọ́n fi ọ̀bẹ là wọ́n lókè, ó tọ́ pẹrẹsẹ. Nísàlẹ̀ lẹ́tà kẹta, níbi tí wọ́n ti kọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ pé àwọn yóò ṣí ibojì náà bí ẹnikẹ́ni kò bá wá, ẹnì kan ti fi bírò búlúù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

"Àga yẹn kọ́, love," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀. Breda ni, ó di férémù tó fi ń rìn mú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò dúró dáadáa. Sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́."

Àṣíáwù kò lè sọ̀. Ó wo àga lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo òkè orí rẹ̀. Kò sí gílóòbù níbẹ̀. Gílóòbù kan ṣoṣo tó wà ní ọ̀nà àbáwọlé yẹn, ìdí ìlẹ̀kùn ìta ló wà, ó jìnnà sí ibẹ̀ dáadáa. Níbí yìí gan-an, ní ìdí press, ló ti bá ìyá àgbà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2005. Ọdún méjì ààbọ̀ ló fi ń fi kànrìnkàn fọ ìgbáròkó yẹn, kò sì bi ara rẹ̀ rí pé níbo ni gílóòbù náà wà.

"Mama," ni Àṣíáwù wí. "Gílóòbù ńkọ́?"

"Kò sí gílóòbù."

Breda sọ ọ́ fún un. Láti orí àtẹ̀gùn ilé ló ti rí òǹtẹ̀ búlúù nínú ọ̀rá, ó sì rántí pé òun rí irú òǹtẹ̀ yẹn lẹ́nu ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tí Christy kú sí. Ó gun àga, ó mú un, ó kà á lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó ta á padà, ó tún gun àga láti dá a padà sókè. Ibi tó ti ń dá a padà ló ti ṣubú.

"Èé ṣe tẹ́ ẹ fi ń dá a padà?"

"Bí ó bá ṣì wà lókè, kò tíì ṣẹlẹ̀. Mo rò pé màá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbáròkó ní irọ́ ni."

Àṣíáwù ti wà nílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ báyìí, ó ń sunkún, lẹ́tà fọ́n ká yí i ká nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ wọ́n. "Ẹ ti mọ̀ látijọ́ pé èmi ni. Èmi ni mo fọ́ eegun yín, ẹ sì jẹ́ kí n máa wẹ̀ yín. Èé ṣe tẹ́ ẹ ò lé mi?"

Breda fi orí tọ́ka sí àwọn lẹ́tà náà.

"Èmi ìyàwó rẹ̀, inú bíìnì ni mo ju àkọ́kọ́ sí, láàárín ewé tíì," ló wí. "Ìwọ lo nù ún. Ìwọ lo gbé e sókè. Kí ni màá wá lé ọ fún?"

Àga náà, Àṣíáwù gbé e jù sínú bíìnì ìta lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nílé wọn ní Tyrrelstown, orí wọ́dúróòbù ṣì kún, kò sí ẹni tó lè wo ìyẹn sàn. Ṣùgbọ́n ní Cabra, kò sí ìwé kankan lórí press mọ́. Lẹ́tà tó bá ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Àṣíáwù á mú un wá sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù tíì, á là á, á kà á sókè fún ìyá àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti ti ìjọba, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, àti ìwé àwọn oníkèbábù.